Ọmọ Ọlọ Tí Mo Gbé Lé Imú Ẹ̀rọ

Ìkòkò kan ló lé mi jáde nínú ilé ọmọ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, òun náà ló sì ń lé ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú mi. Ọmọ́níkẹ́, ọmọ-ọmọ mi, ló gbé e ti òkè òkun bọ̀. Ìkòkò onírin tí wọ́n ń dé pa ni, ó ní irin kékeré kan lórí bí imú, Ọmọ́níkẹ́ sì sọ pé ẹ̀wà kì í pẹ́ rọ̀ nínú rẹ̀. Mo jókòó sí pálọ̀, mò ń fa tẹ̀sùbáà mi, àfi "sùùùù" tí mo gbọ́ láti ilé ìdáná. Mo mú un mọ́ra. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀wà ni, ẹ̀wà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dákẹ́ lójijì, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Èmi tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀, mo ti dé ojú títì kí wọ́n tó bá mi, láìwọ bàtà, láìborí. Ọmọ́níkẹ́ ń sunkún, ó ní, "Màmá àgbà, ìkòkò lásán mà ni! Kí ló ṣe yín?" Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń sọ pé kò sí nǹkan. Dókítà ti sọ ohun tó sọ fún Ṣàíbù ọmọ mi, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà kí ẹnu tó pa dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo kọ́ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Bí lẹ́tà mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe.

Ohun tí gbogbo yín mọ̀ ni pé ẹ̀rọ ló pa bàbá yín, àti pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tìrìmísíyù ló dí ẹ̀rọ náà nímú. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Tìrìmísíyù kọ́. Èmi Sìmíátù ni. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ilẹ̀ kò sì là. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ìwé sílẹ̀, torí pé ibi tí ó burú jù kò tíì dé.

Yẹ̀kínnì lorúkọ ọkọ mi. Lójú ayé rẹ̀ n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, Bàbá Ṣàíbù ni mo ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n pè é lónìí, kí ó lè mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí. Ibi iṣẹ́ pákó kan létí ọ̀sà ní Makoko ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń koná sí ẹ̀rọ ńlá tó ń yí ayùn. Iná á se omi nínú táǹkì, ooru omi yẹn á ti irin, irin á yí ayùn. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Sìmíà, ooru tó ń gbé ọmọrí ìkòkò rẹ sókè yẹn, ẹni tó bá mọ bí a ti ń dè é lè fi fa ọkọ̀ ojú irin." Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, ó lọ wòran, ó rí gílóòbù iná tí wọ́n fi ṣe ojú títì lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tó padà dé Mushin, àdúgbò wa dúdú bí ìdí ìkòkò, àtùpà elépo là ń tàn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ fìlà, ó ní, "Bí wọn ò bá gbé iná wá fún wa, màá se é." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ó se iná? Ṣé ẹ ó fi ata sí i?" Ó ní, "Ìwọ ṣáà máa wò mí."

Tìrìmísíyù ni wọ́n jọ ṣe é. Ọmọ Ìwáyà ni, ibi iṣẹ́ pákó yẹn náà ló wà, Yẹ̀kínnì ló kọ́ ọ níṣẹ́ iná. Ọkùnrin gàgàrà tó máa ń tẹ̀ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ju ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ. Àǹtí ló ń pè mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ, torí pé ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ni mí. Wọ́n ra táǹkì irin kan tó nípọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin. Wọ́n wá páìpù bàbà, wọ́n yọ písítìnì lára alùpùpù tó ti kú, wọ́n gba àgbá ńlá tó ń yí lára ẹ̀rọ ìlọta kan tó bàjẹ́, wọ́n sì fi bẹ́líìtì so ó mọ́ dáínámò lọ́rì. Ìyẹ̀ pákó tó ń já bọ́ lábẹ́ ayùn ní Makoko, tí wọ́n ń dà sínú ọ̀sà, òun ni Tìrìmísíyù ń fi àpò rù wá láti fi dáná sí i.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ páànù. Láti ìgbà náà ọkọ mi kì í wọlé mọ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ tààrà, á máa nù ún, á máa fi òróró pa á lára. Ìdíátù, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló bá sọ ẹ̀rọ náà ní Ìyàwó Tuntun. Bó bá ti gbọ́ ariwo rẹ̀, á ké láti ojúde: "Ìyá Ṣàíbù, orogún yín ti jí o! Ṣé ẹ ti kí i?" Èmi náà á ní, "Mo ti kí i, ó ní kí n kí ẹ." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Tèmi kì í dénú.

Orí táǹkì yẹn ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa wà. Ihò kékeré kan ni. Wọ́n fi irin ṣóńṣó dí i, wọ́n tẹ́ ọ̀pá irin gígùn kan lé irin náà lórí, wọ́n sì so irin wúwo kan rọ̀ sí ìpẹ̀kun ọ̀pá. Bí ooru inú táǹkì bá ti pọ̀ jù, á gbé ọ̀pá náà sókè, á fọn jáde: sùùùù. Imú ni Yẹ̀kínnì ń pè é. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, ṣebí ìgbàkígbà tí imú yìí bá ti fọn ni iná máa ń wálẹ̀, kí ló dé tí wọn ò gbé nǹkan tó wúwo sí i lé e, bí àwa obìnrin ti ń gbé òkúta lé ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀? Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wá di imú àti ẹnu mi mú. Ó dì wọ́n mú títí mo fi ń jà, tí mo ń gbá a lápá. Lẹ́yìn náà ó tú mi sílẹ̀, ó ní, "Ṣé o rí i? Ìwọ ní ọwọ́ tí o fi gbá mi. Òun ò ní ọwọ́, ara rẹ̀ ni yóò bẹ́. Má fọwọ́ kan ibẹ̀ láéláé, Sìmíà." Ṣé ẹ gbọ́? Ó sọ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi bẹ̀bẹ̀ pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Nígbà tí iná náà kọ́kọ́ tàn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ilé Ìdíátù ní àtùpà gáàsì tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́, funfun báláú. Ó wo tiwa, ó ní, "Ìyá Ṣàíbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣáná ká lè rí iná yín." Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín, Tìrìmísíyù pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Yẹ̀kínnì kò tilẹ̀ bìkítà, ó ní ọmọ ọwọ́ kì í dìde lọ́jọ́ kan kó máa sáré. Èmi ni mi ò lè gbé e mì.

Ààwẹ̀ wọlé, òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀. Yẹ̀kínnì lọ bẹ Lèmọ́mù àdúgbò pé kí wọ́n wá ṣe wáàsì ọjọ́ kan níwájú ilé wa lẹ́yìn ìṣínu, lábẹ́ iná òun. Lèmọ́mù gbà. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri ìdí ẹ̀rọ omi. Mo ní kí wọ́n gbé ẹní wá, kí wọ́n wá wo ọ̀sán tí yóò pọ́n lẹ́yìn Màgáríbì. Ẹnu mi gùn nígbà náà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, ojúde ti kún. Gílóòbù wà lórí òpó, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Wọ́n pe ìrun. Yẹ̀kínnì mu omi, ó jẹ dàbínù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Tìrìmísíyù ní ìyẹ̀ pákó ti ń tán, òun ń lọ gbé àpò tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi dúró tì í díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o, ẹ ṣáà máa wò ó." Ṣàíbù wà lẹ́yìn mi, ó ti sùn. Mo dúró. Imú bẹ̀rẹ̀ sí fọn: sùùùù. Bó ti ń fọn ni iná ojúde ń rẹlẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ohùn Ìdíátù láàárín gbogbo wọn: "Ẹ má bá a wí, ó ń gbààwẹ̀ ni, kò tíì ṣínu!"

Ọlọ mi wà lẹ́bàá ògiri. Ìyá mi ló gbé e fún mi nígbà tí mo ń relé ọkọ. Ọmọ rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó wúwo ju bó ti rí lójú lọ. Mo gbé e. N kò ní sọ pé èṣù ló gbé e, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni. Mo ya etí ìró mi, mo fi dì í mọ́ ìpẹ̀kun ọ̀pá irin náà gbọningbọnin. Imú dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bí ìgbà tí ọmọ bá ń ké tí ó wá gbé ohùn mì, tí ìyá rẹ̀ ń retí kí ó tún mí. Ni iná bá bẹ̀rẹ̀ sí funfun. Ó funfun débi pé mo rí òjìji ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára ògiri wa. Mo gbọ́ tí ojúde pariwo, "Máṣá Àlàáù! Máṣá Àlàáù!" Ìdíátù pàápàá bá wọn ké e. Inú mi dùn. Kí n sọ ọ́ bó ti rí: n kò rántí ọjọ́ kan tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀, títí di òní.

Yẹ̀kínnì yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, omi àlùwàlá ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Iná yẹn tàn sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdé. Ẹ̀rín yẹn sì kú lójú rẹ̀ níṣojú mi. Ó ní, "Sìmíà, kí ló dé tí kò mí?" N kò dáhùn. Bí mo bá ti sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bóyá. Mo ti fi bóyá yẹn sùn, mo ti fi jí. Ó sáré bọ̀, ó fi èjìká tì mí tọmọtọmọ, mo fàyà gbálẹ̀ lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀. Ìgbà tó nawọ́ sí ọ̀pá irin ni táǹkì náà bẹ́.

N kò ní sọ bí ariwo rẹ̀ ti rí. Iná kú, ilẹ̀ ṣú. Ooru funfun bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé bí ìgbà ọyẹ́. Nínú rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí ọkọ mi ń pe Ọlọ́run, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Ní ọsibítù, wọ́n fi báńdéèjì wé e, ojú àti ẹnu nìkan ló kù. Mo jókòó tì í. Ó ní, "Ṣàíbù ńkọ́?" Mo ní ó wà. Ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́?" Mo ní mo wà. Ó wá ní, "Ta ló dí i nímú?" Ṣé ó ti mọ̀ ni? Mo ti rò ó títí. Bóyá ó mọ̀, tí ó kàn fẹ́ kí n sọ ọ́ kí òun lè dárí jì mí kí òun tó lọ. Ojú rẹ̀ wà lára mi. Mo ní, "Tìrìmísíyù ni." Ó ní, "Tìrìmí? Tìrìmí tí mo kọ́?" Ó yí ojú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohun tí mo sọ. Kí a tó sìnkú tán, gbogbo Mushin ti gbọ́.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Kí ẹbí tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, Tìrìmísíyù wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé nǹkan kan tó fi àpò ìyẹ̀ pákó dì lọ́wọ́. Ó tú u. Ọmọ ọlọ mi ni, etí ìró mi tó ti jó ṣì wé mọ́ ọn. "Àǹtí," ó ní, "inú gọ́tà ni mo ti rí i. Ẹ gbé e pamọ́." Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ má sunkún. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, kò yẹ kí n fi yín sílẹ̀ tì í. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò mọ̀. Kí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Èmi ò ní sọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá á lé yín, wọ́n á sì gba ọmọ lẹ́yìn yín." Ohun kan ṣoṣo tí ó bẹ̀ mí nìyẹn: kí n sọ pé n kò mọ̀. Mo gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé."

Wọ́n jókòó ní pálọ̀ wa, Lèmọ́mù wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ẹnu rẹ la ti gbọ́ ọ ní ọsibítù. Ṣé o ṣì dúró lórí rẹ̀?" Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé n kò mọ̀. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé tí mo bá ní n kò mọ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo fi purọ́ fún ẹni tó ń kú lọ, àti pé ta wá ni. Wọ́n gbé Kùránì síwájú mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo ní, "Ojú mi ló ṣe. Tìrìmísíyù ni." Wọ́n kọjú sí i: "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sọ?" Ó wò mí. Ó wo Ṣàíbù lẹ́yìn mi, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí i, torí pé ó máa ń gbé e jó. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo ti gbọ́ ohun tí ìyàwó ọ̀gá mi sọ. Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un." Ó tẹ̀ba bó ti máa ń ṣe, ó gba ẹnu ọ̀nà wa jáde. Àwọn obìnrin ti ń dúró dè é níta, Ìdíátù ló ṣáájú wọn. "Apọ̀gá!" ni wọ́n ń ké tẹ̀lé e. "Apọ̀gá!" Mo ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Mo ń fún ọmọ lọ́mú.

Apọ̀gá ni orúkọ tó jẹ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́ pákó, kò sì sí ẹni tó tún jẹ́ kó sún mọ́ iná tàbí ẹ̀rọ. Mo tún rí i lẹ́ẹ̀kan, ní gáréèjì Jíbówú, Ṣàíbù ti ń lọ sí ilé ìwé nígbà náà, mo fà á lọ́wọ́. Tìrìmísíyù ń ru ẹrù fún èrò. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tẹ̀ba, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé Ṣàíbù nìyí? Ó mà ti dàgbà." Mo gbójú kúrò. Ṣàíbù bi mí pé, "Ìyá mi, ta ni yẹn?" Mo ní, "Wèrè kan ni." Ó gbọ́. Ṣàíbù, bóyá o rántí, bóyá o ò rántí. Ẹni tí mo pè ní wèrè fún ọ nìyẹn.

Nígbà tí mo darúgbó, mo gbìyànjú. Mo lọ sí Ìwáyà, mo béèrè ilé rẹ̀. Wọ́n júwe ọmọ rẹ̀ obìnrin fún mi, Àmúdàtù, ó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Mo bi í pé bàbá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Bàbá ti kú o, ìyá. Apọ̀gá ni wọ́n ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Èmi ò sì rí i kí wọ́n pa eṣinṣin rí." Ó ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní kó bá mi di ẹja. Mo ra ẹja, mo padà sílé. Ẹ jẹ ẹja yẹn, gbogbo yín ní ó dùn.

Ọmọ ọlọ yẹn ni èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tí ẹ máa ń bi mí ìdí tí n kò fi jẹ́ kí ẹ fi lọ ata. Mo ti gbé e dé etí ọ̀sà láti jù ú nù, ó bá mi padà wálé. Tí ilẹ̀ bá pa rọ́rọ́ báyìí, tí kò sí ohun tó ń dún, mo máa ń dì í mú, torí pé ìdákẹ́jẹ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì lè gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ Ọlọ́run, mo ti ń bẹ̀ Ẹ́, aláàánú ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣẹ ọmọ aráyé, ẹni tó ni ín ni Ọlọ́run ní kí n lọ bá, ẹni náà sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Torí náà, Ṣàíbù, ìwọ ni mò ń bẹ̀. Tí mo bá kú, ẹ ránṣẹ́ sí Ìwáyà kí ẹ tó gbé mi síta. Lèmọ́mù yóò dúró níwájú òkú mi, yóò béèrè bóyá ẹnì kan wà tí mo jẹ ní gbèsè. Gbogbo èèyàn máa ń dákẹ́ níbẹ̀. Má dákẹ́. Nítorí rẹ ni ọkùnrin yẹn fi pa ẹnu mọ́, ìwọ ni kí o la ẹnu. Dìde, sọ ọ́ sókè pé ìyá rẹ jẹ Tìrìmísíyù ní orúkọ rẹ̀, pé kò pa ọ̀gá, pé èmi ni. Kí o wá bi Àmúdàtù bóyá ó yọ̀ǹda mi nítorí bàbá rẹ̀. Bó bá yọ̀ǹda, ẹ kírun sí mi lára. Bí kò bá yọ̀ǹda, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí i, ẹ sin mí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọmọ ọlọ náà fún un, kó ṣe é bó bá ṣe fẹ́. Ẹ sọ fún un kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wúwo.